Kí ni Fájuyì sọ̀kalẹ̀ lọ ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí. Orí WhatsApp ẹbí wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbé fọ́tò Adékúnlé Fájuyì, sójà tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn ní 1966, síbẹ̀, irú èyí tó máa ń jáde tí oṣù keje bá ti ń parí lọ, tòun ti aṣọ sójà àti ojú tó dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé akọni tó gbà láti bá àlejò ẹ̀ kú nìyí. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan wí sí i, kálukú ń ṣàdúrà fún òkú ọ̀run. Àfi ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní yunifásítì, tó kàn béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà dá a lóhùn pé kó lọ kàwé ẹ̀, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní í jẹ́ kí òkú sùn. Ìjà fẹ́ bẹ́, ẹlòmíì bá yára fi ìkéde ìgbéyàwó kan síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bá rọlẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi kò rọlẹ̀ o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nílẹ̀ láti kà, mo ń bi àwọn àgbà, bí mo sì ṣe ń kà á tó ni mo ń rí i pé ìbéèrè ọmọ yẹn ò tiẹ̀ tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Mi ò ní tú gbogbo ìtàn kúù oṣù kìíní àti ti oṣù keje ọdún 1966 palẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ẹnì kan wà nílé yín tó mọ̀ ọ́n. Ibì kan péré ni mo fẹ́ dúró sí, ìyẹn ìdí àtẹ̀gùn ilé ìjọba ní Àgọ́dì, n'Ìbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù keje.

## Ìtàn méjì tí a fi ń bára wa jà

Ìtàn àkọ́kọ́ ni gbogbo wa fẹ́ràn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn sójà dé, Jẹ́nẹ́rà Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba nígbà yẹn, nìkan ni wọ́n bá wá, wọ́n ní kí Fájuyì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní rárá o, àlejò òun ni, bí wọ́n bá máa mú un kí wọ́n mú òun náà mọ́ ọn. Ìtàn yìí dùn létí, ó bá bí wọ́n ṣe tọ́ wa mu, ìdí nìyẹn tó fi tètè wọlé sí wa lára.

Ìtàn kejì korò díẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ yíyọ̀ǹda níbẹ̀, pé àwọn sójà láti Òkè Ọya ti di Fájuyì fúnra ẹ̀ sínú, wọ́n gbà pé ó mọ̀ nípa kúù oṣù kìíní tí wọ́n fi pa àwọn ọ̀gá wọn, torí náà bó sọ̀rọ̀ o, bí kò sọ̀rọ̀ o, wọ́n máa mú un ni. Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú àwọn èèyàn wa, ẹ sọ ìtàn kejì yìí lójú wọn. Wọ́n á ní o fẹ́ já akọni gbà mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Inú tó ń bí àwọn sójà yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan jókòó hùmọ̀. Fourth Battalion ló wà ní bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá nígbà yẹn, Lẹ́fútẹ́nàǹtì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Largema sì ni ọ̀gá wọn títí di oṣù kìíní tí wọ́n lọ pa á sí hòtẹ́ẹ̀lì n'Íkòyí, l'Ékòó. Ọ̀gá tí wọ́n ń kí ní sàlúùtì láràárọ̀ ni. Wọ́n pa Bìrìgédíà Maimalari náà, wọ́n pa Sardauna àti Tafawa Balewa. Ká má gbàgbé o, Yorùbá náà bá kúù yẹn lọ, inú ilé wọn ní Kàdúná ni wọ́n ti pa Bìrìgédíà Adémúlégùn àti ìyàwó ẹ̀, àmọ́ mi ò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni gbé fọ́tò tiwọn sórí WhatsApp ẹbí wa. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fẹ́ mú Fájuyì tẹ́lẹ̀, kò bú Fájuyì.

Ohun tó ń dùn mí nípa ìtàn méjèèjì ni pé ibì kan náà ni wọ́n kọjú sí, igbó Lálúpọn níbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Ọ̀kan ní ọkùnrin yìí ló mú ikú, èkejì ní ikú ló mú un. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ikú tó dé, iṣẹ́ wo ló ń ṣe lọ́wọ́?

## Láàárọ̀ ọjọ́ náà

Ìpàdé àwọn ọba ló gbé Ironsi wá s'Íbàdàn. Ó ti ń yí orílẹ̀-èdè ká bọ̀, torí pé láti ìgbà tó ti ṣe òfin Decree 34 ní oṣù karùn-ún, èyí tó sọ gbogbo ẹkùn ìjọba di ìjọba kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti di ìpànìyàn ní Òkè Ọya, ó wá ń lọ bẹ gbogbo èèyàn kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọjọ́ 28 ló bá àwọn ọba sọ̀rọ̀. Ilé Fájuyì tó jẹ́ gómìnà ìwọ̀ oòrùn ló sùn.

Òru yẹn ni àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀gá wọn ní bárékè Abẹ́òkúta. Ìròyìn yẹn dé Àgọ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gá sójà kan tó wà lọ́dọ̀ wọn lóru náà, Lẹ́fútẹ́nàǹtì Kọ́nẹ́ẹ̀lì Hilary Njoku, jáde láti lọ wo ohun tó lè ṣe, wọ́n yìnbọn fún un, orí ló kó o yọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, torí ó ń sọ fún wa pé àwọn tó kù nínú ilé mọ̀ dájú irú ohun tó wà níta. Ìró ìbọn kì í parọ́. Àwọn sójà ti yí ilé ká, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀ lé Ironsi wá gan-an sì wà lára àwọn tó gbógun tì í. Kò sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n lè gbà jáde, kò sì sí ọmọ ogun kankan tó ń bọ̀ wá gbà wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fájuyì ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀.

Méjọ̀ Theophilus Danjuma ló ṣáájú àwọn sójà tó wà nísàlẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ fáyé gbọ́, kì í ṣe àhesọ. Gẹ́gẹ́ bó ṣe rò ó, Fájuyì bá a sọ̀rọ̀, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá, Danjuma ní Ironsi ni, Fájuyì sì ní kó fún òun ní ìdánilójú pé wọn ò ní í ṣe Ironsi ní jàǹbá. Danjuma sọ pé òun ṣèlérí. Lẹ́yìn ìyẹn ló gòkè lọ bá Ironsi, tó bi í nípa àwọn ọ́fíìsà tí wọ́n pa ní oṣù kìíní, Ironsi ní ọwọ́ òun mọ́. Wọ́n mú àwọn méjèèjì jáde. Danjuma ti sọ léraléra pé òun ò pàṣẹ kí wọ́n pa wọ́n, pé àwọn sójà ló já wọn gbà mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ gbà á gbọ́ o, ẹ má gbà á gbọ́ o, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ tí mo mú ṣe níbẹ̀ kò ju ìdánilójú tí Fájuyì béèrè yẹn lọ.

Torí ẹni tó ti gbà láti kú kì í béèrè ìdánilójú. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó bá ń bèèrè pé "ṣé ẹ ò ní pa á?" gbà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má pa á. Fájuyì rò pé ọ̀rọ̀ ṣì wà tí òun lè sọ tí ìbọn á fi rọlẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Obì lọkùnrin yìí ń wá láàárọ̀ yẹn.

Kí ló fún un nírú ìgboyà bẹ́ẹ̀? Ibí yìí gan-an ni oorun ti dá lójú mi, torí mo padà lọ wo ìgbésí ayé ẹ̀ látẹ̀yìn wá, mo rí i pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

## Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọdún 1951

Adó-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹfà ọdún 1926. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó wọṣẹ́ sójà ní 1943 nígbà tí ogun Hitler ṣì ń lọ lọ́wọ́, kì í ṣe bí ọ́fíìsà o, bíi sójà kékeré lásán ló wọlé. Èyí ṣe pàtàkì. Lónìí tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá sójà ayé ìgbà yẹn, ohun tó máa ń wá sọ́kàn wa ni àwọn ọmọ tí wọ́n kó láti sẹ́kọ́ńdìrì lọ sí Sandhurst, ilé ìwé àwọn ọ́fíìsà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dé pẹ̀lú Òyìnbó lẹ́nu. Fájuyì ti ṣe sójà fún ọdún mọ́kànlá kó tó lọ sí ilé ìwé àwọn ọ́fíìsà ní Eaton Hall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1954. Ọdún mọ́kànlá tó fi jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú àwọn sójà kéékèèké, tó bá wọn tò sórí ìlà, tó mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ tí ọ̀gá bá ti yíjú.

Ní 1951, sájẹ́ńtì ni nínú ẹ̀ka tó ń rí sí wáyà àti rédíò, àwọn sójà ibẹ̀ bá kọ̀, wọ́n fẹ́ dìtẹ̀. Kí ló fà á? Oúnjẹ. Wọ́n ní ìpín oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn ò dáa. Ẹni tó bá ti gbé bárékè rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàárín àwọn tó ń gbé ìbọn. Fájuyì wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí i tí kò fi di ohun tó burú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní British Empire Medal nítorí ẹ̀.

Ẹ bá mi dúró níbí díẹ̀. Ìgbà tí a bá ń ka ìtàn ẹ̀, ìlà kan ni èyí máa ń jẹ́, "ó gba BEM ní 1951", a ti sáré kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí sájẹ́ńtì wà. Ọ́fíìsà wà lókè ẹ̀, Òyìnbó ni, kò jẹ nínú oúnjẹ yẹn. Àwọn sójà wà nísàlẹ̀, ebi ń pa wọ́n, inú ń bí wọn, wọ́n sì mọ ibi tí ìbọn wà. Sájẹ́ńtì ló wà láàárín. Bó bá gbè sápá kan jù, òkè á ní ọlọ̀tẹ̀ ni, bó bá gbè sápá kejì jù, ìsàlẹ̀ á ní ọmọ ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó rìn lọ bá àwọn tínú ń bí, kó gbọ́ tẹnu wọn, kó sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ á fi kúrò lára ìbọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn.

Mo gbà pé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kan náà ló sọ̀kalẹ̀ ní Àgọ́dì. Ó ti rí irú ẹ̀ rí. Ó ti bá sójà tínú ń bí sọ̀rọ̀ rí, wọ́n sì gbọ́.

## Congo

Ẹ̀ẹ̀kejì, ilẹ̀ Congo ni. Ní ìparí ọdún 1960 ni àwọn sójà wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lábẹ́ àsíá United Nations, lẹ́yìn tí ilẹ̀ yẹn gbòmìnira tán tó sì fọ́ mọ́ àwọn olórí ẹ̀ lórí, tí ẹkùn Katanga níbẹ̀ ní òun ń dá dúró. Fájuyì ti di méjọ̀, òun ni ọ̀gá kọ́ḿpìnnì C ní Fourth Battalion. Bẹ́ẹ̀ ni, Fourth Battalion yẹn náà ni o. Ní àríwá Katanga ni àwọn ọ̀tá ti lúgọ de kọ́ḿpìnnì ẹ̀, òun ló ṣáájú wọn tí wọ́n fi jàjà yọ jáde. Ní 1961 wọ́n fún un ní Military Cross, mẹ́dàlì ìgboyà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún ọ́fíìsà tó bá ṣe bẹbẹ lójú ogun nígbà yẹn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un. Kì í ṣe torí pé ó gba ìlú, kì í ṣe torí pé ó pa rẹpẹtẹ. Torí pé ó kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ jáde nínú ewu ni. Èmi tí mo dàgbà sí Ìbàdàn, etí mi kún fún oríkì àwọn ológun, àwọn Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá àti Látòósà, oríkì tó máa ń mú kí ara ẹni gbọ̀n, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni ìlú tí wọ́n fọ́, orí tí wọ́n gé àti ẹrú tí wọ́n kó. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ ibi tí wọ́n ti yin balógun kan pé ó kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ padà sílé láàyè. A ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọrin irú ológun bẹ́ẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ ká sáré lọ wá ikú fún Fájuyì, nítorí ikú la mọ̀ ọ́n yìn.

Ironsi náà jẹ́ ará Congo o. Òun náà ṣáájú battalion kan lọ síbẹ̀, nígbà tó yá wọ́n tún fi í ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun United Nations tó wà níbẹ̀. Òun náà ò bẹ̀rẹ̀ láti òkè, sójà kékeré ló wọlé ní 1942, ọdún kan ṣáájú Fájuyì. Nítorí náà àwọn méjì tí wọ́n há mọ́ ilé Àgọ́dì yẹn, ara ìlà àwọn sójà kéékèèké ni wọ́n ti wá, wọ́n mọ èdè àwọn tó wà níta ju ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tó kù lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó lè fọ̀rọ̀ mú sójà rọlẹ̀ láàárọ̀ yẹn, àwọn ni.

## Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ò fi tó mọ́

Kò sì tó. Èyí ni mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá, torí bó bá jẹ́ pé ọkùnrin yìí ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tó bọ́ sí i, kí ló yí padà?

Àwọn kan á ní ṣebí torí ẹ̀jẹ̀ ni, ti 1951 torí oúnjẹ ni. Òótọ́ ni, oúnjẹ ṣeé ṣàtúnṣe ẹ̀, òkú ò ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà. Ní 1951, tí sájẹ́ńtì bá dúró síwájú àwọn sójà, ipá tó wà lápá ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ nìkan, gbogbo ètò iṣẹ́ ológun ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gá ni ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó rò ó pé èèyàn lè yìnbọn fún ọ̀gá ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó sì di gbajúmọ̀ nítorí ẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1966 ló ba ìyẹn jẹ́. Àwọn méjọ̀ ló pa àwọn bìrìgédíà. Nígbà tí oṣù keje á fi dé, gbogbo sójà kékeré ti mọ̀ pé ipò ọ́fíìsà kò ju irin tó wà léjìká lọ, ìbọn sì lè yọ irin.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí àwọn kan sọ, pé Fájuyì gbọ́ fìrìfìrì kúù oṣù kìíní kó tó ṣẹlẹ̀, tí kò sì dí wọn lọ́wọ́, a jẹ́ pé ohun tó nílò láàárọ̀ yẹn, ìyẹn ọ̀wọ̀ tí sójà ń fún ọ̀gá, wà lára ohun tó jẹ́ kó bà jẹ́. Mi ò sọ pé òótọ́ ni. Mo ń sọ pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ̀gùn yẹn. Èèyàn lè mọ̀ nípa ohun kan tí kò dáa, kó sì tún jẹ́ òun ló máa rìn lọ pàdé àbájáde ẹ̀ lójúkojú dípò kó fi ẹlòmíì ṣíwájú. Àwọn tó ń wá akọni tí kò ní àbàwọ́n kankan máa ní kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò mọ akọni kankan bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àlejò ńkọ́? Wọ́n máa bi mí, mo mọ̀. Ironsi kì í ṣe àlejò lásán, ọ̀gá ẹ̀ ni, òun ló fi í ṣe gómìnà ní oṣù kìíní. Ilé Àgọ́dì náà kì í ṣe ilé bàbá Fájuyì, ilé ìjọba ni. Sójà tó dúró ti ọ̀gá ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni ọkùnrin yìí, mi ò rò pé ó lè rí ẹni tó sùn sílé òun lóru, tó jẹun òun, kó ní ọ̀gá nìkan ni. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà. Àwọn méjèèjì lè wà lọ́kàn èèyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà, sójà àti onílé. Ohun tí mi ò gbà ni ká mú onílé nìkan, ká gbàgbé sójà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú.

Lẹ́yìn tí wọ́n mú wọn jáde, ọ̀nà Ìwó ni wọ́n gbà. Bí ẹ bá dúró ní Ìwó Road lónìí ẹ máa gbọ́ àwọn onímáíkírà tí wọ́n ń pe "Olódó! Lálúpọn!", títì yẹn náà ni. Andrew Nwankwo, ADC Ironsi, ìyẹn ọ́fíìsà tó máa ń tẹ̀ lé e káàkiri, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ, ó rí àyè sá wọ igbó, òun ló wá padà sọ bí wọ́n ṣe lù wọ́n àti bí wọ́n ṣe fìyà jẹ wọ́n. Àwọn méjì tó kù ò padà. Fájuyì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogójì ọdún ní oṣù tó ṣáájú ni.

## Oṣù mẹ́fà láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀

Mo padà sórí ìbéèrè pé ta ló gbọ́ ọ. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ bó ṣe pẹ́ tó kí ìjọba tó la ẹnu. Oṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀, Gowon di olórí ìjọba. Wọ́n yan Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, ṣe gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, ọmọ Èkìtì rọ́pò ọmọ Èkìtì. Ìjọba ò sì sọ pé Fájuyì kú. Wọn ò sọ pé Ironsi kú. Inú oṣù kìíní ọdún 1967, lẹ́yìn ìpàdé àwọn olórí ológun wa ní Aburi, ní Ghana, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ẹ̀ fáráyé. Ìgbà náà ni wọ́n wá gbé òkú Fájuyì lọ sí Adó-Èkìtì tí wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ.

Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́fà! Ẹ rò ó wò. Odindi gómìnà pòórá, ẹlòmíì ti jókòó sórí àga ẹ̀, wọn ò sì sọ fáwọn ará ìlú pé ó kú tàbí pé ó wà láàyè. Ìbàdàn tí mo mọ̀ ò lè gbé oṣù mẹ́fà láìsọ ọ́. Wọ́n á ti sọ ọ́ ní Ọjà Ọba, wọ́n á ti sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀, lábẹ́ ẹnu ni, àfi kí ẹni tó ń sọ ọ́ wo ẹ̀yìn ná. Mo gbà pé inú oṣù mẹ́fà yẹn ni gbólóhùn "ẹ mú èmi náà mọ́ ọn" ti rí ilé gbé. Kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó pa. Àwọn èèyàn mọ̀ pé méjì ló lọ, wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan ló ni ilé, èkejì ló wá sùn, wọ́n mọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí onílé sọ, wọ́n bá fi sí i lẹ́nu. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ó sọ ọ́ lóòótọ́, nínú mọ́tò tàbí nínú igbó, níbi tí kò sí ẹni tó máa wá ròyìn.

Ìjọba tó dákẹ́ yẹn ló yẹ kí inú máa bí wa sí, kì í ṣe ọmọdé tó béèrè ẹlẹ́rìí.

Ẹ sì wo ohun tí àìsọ̀rọ̀ yẹn ṣe sí àwọn Ìgbò. Lójú tiwọn, wọ́n pa olórí orílẹ̀-èdè, wọ́n pa àwọn èèyàn wọn káàkiri Òkè Ọya lóṣù mélòó kan sígbà yẹn, ìjọba ò sì lè sọ tààrà pé ó ti kú. Ní oṣù keje ọdún 1967 ogun bẹ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Ìgbò ń dárúkọ Fájuyì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí wọn ò fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóṣèlú wa, ó sì yé mi. Láàárín gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹnì kan wà tí kò jẹ́ ọ̀kan lára wọn, tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbébọn pé kí wọ́n ṣèlérí fún òun pé wọn ò ní í pa èèyàn wọn.

## Àwọn orúkọ tó wà lára ògiri

Ọ̀pọ̀ nínú wa, Fájuyì Hall ní Ifẹ̀ la kọ́kọ́ mọ̀ ká tó mọ Fájuyì. Ibẹ̀ la ti lọ ń sùn, tá a ń dáná, tá a ń jà nítorí omi, láìbéèrè ta ni. Bárékè Odògbó ní Òjóò, Adékúnlé Fájuyì Cantonment ló ń jẹ́, ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́ ò níye. Ní Adó, Fájuyì Park wà níbẹ̀. Orúkọ ò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni kí ẹnì kan sọ fún ọmọ tó ń sùn nínú hall yẹn pé sájẹ́ńtì kan wà ní 1951 tó pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nígbà tí àwọn tó gbé ìbọn fẹ́ fàbínú yọ.

Mo ti dá ọmọ àbúrò mi lóhùn, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, kì í ṣe lórí gúrúùpù o, mo pè é ni. Mo ní mi ò mọ ẹni tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ti sọ ohun tí òun gbọ́, ìyẹn sì tó mi. Ó ní kì í ṣe ohun kan náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa jù ú lọ. A ṣì ń bá a jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó ṣiṣẹ́ sójà n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta láyé ìgbà yẹn, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1966 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin, àwọn míì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló pa ta. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fún wọn jẹ, ta ni sájẹ́ńtì wọn, báwo ni wọ́n ṣe gbọ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ l'Àgọ́dì, ta ló sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa gba ohùn wọn sílẹ̀, tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ nǹkan tó tako èyí tí mo kọ síbí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.